Mo rí ọ́dà gbà láti Accra, mi ò rí owó tí màá fi ṣe é

Ọlọ́ṣẹ_Ìsẹ̀

Èkìtì kete, mo kí gbogbo ilé o. Ọṣẹ dúdú ni mo ń ṣe nílùú Ìsẹ̀, eérú èèpo kòkó àti àdín la fi ń sè é. Ọdún kẹfà rèé. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù Adó àti Àkúrẹ́ ló ń rà á lọ́wọ́ mi tẹ́lẹ̀. Lóṣù tó kọjá, obìnrin kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ìpara méjì ní Accra ní òun fẹ́ 4,000 ẹyọ. ₦1,100 la fẹnu kò sí lórí ẹyọ kan, ₦4,400,000 lápapọ̀. Ó ní òun á san ìdá 30 nínú 100 ṣíwájú, ìyókù di 60 ọjọ́ lẹ́yìn tí ẹrù bá dé ọwọ́ òun.

Inú mi dùn títí mo fi jókòó ṣírò. Àdín, eérú, ìdì, páálí, owó àwọn ọmọ tó ń bá mi rò ó, ọkọ̀ títí dé Accra: ₦2,900,000 ni. Ìdá 30 yẹn, ₦1,320,000. Mi ò mọ ibi tí màá ti rí ₦1,580,000 tó kù. Mo lọ sí báǹkì tí mo ti ń kówó sí láti ọjọ́ pípẹ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó dá mi lóhùn kò tiẹ̀ wo ọ́dà tí mo mú dání. Ó ní kí n lọ mú C of O wá, ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ tí ìjọba ń fúnni. Ilẹ̀ ẹbí ni ibi tí mo ti ń ṣe ọṣẹ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gba ọ̀nà yìí kọjá, báwo lẹ ṣe ṣe é?

Ọmọ_Ìlawẹ̀

C of O nítorí mílíọ̀nù kan ààbọ̀! Ẹ bá wa kí i.

Sharp_Sharp_Adó

Àǹtí, ẹ má da ara yín láàmú. Áàpù tó ń yáni lówó kún orí fóònù. Mo gba ₦200,000 láìpẹ́ yìí, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ò pé tó fi wọlé. Ẹ gbà á níbi mẹ́ta mẹ́rin, ẹ ó kó o jọ.

Ìyá_Alájẹṣẹ́kù

Sharp Sharp, ọmọ mi, jọ̀ọ́. Owó tí wọ́n fẹ́ gbà padà lẹ́yìn 30 ọjọ́ lo fẹ́ kó lọ fi ṣe ọjà tí wọn ò ní san tán títí di oṣù kẹta? Bó bá fi máa rí owó Accra gbà, èlé orí ti áàpù ti jẹ èrè ọṣẹ tán, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ àdín. Sọgundogójì ni, wọ́n kàn fi fóònù ṣe é ni. Bó bá pẹ́ díẹ̀, wọ́n á máa pe gbogbo ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ wà lórí fóònù rẹ, títí kan àna rẹ. FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ wọn sílẹ̀ láti 2022, ẹni tí kò bá lè ṣe kó má yá, kó kọ́kọ́ wò ó bóyá orúkọ áàpù náà wà níbẹ̀. Ti owó ọjà kọ́ rárá.

Báǹkà_Àtijọ́

Ìyá Alájẹṣẹ́kù, ẹ ṣeun. Kí n fi kún un pé láti 2020 ni báǹkì àgbà ti fọwọ́ sí i kí báǹkì tí ẹnì kan jẹ ní gbèsè lè fa owó náà yọ nínú àkáǹtì rẹ̀ ní báǹkì mìíràn. BVN ló so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Kò síbi téèyàn fẹ́ sá sí.

Àbúrò mi ọlọ́ṣẹ, ọmọkùnrin yẹn ò ṣẹ̀ yín, ilẹ̀kùn tí ẹ kàn ni kì í ṣe tiyín. Ẹni tó bá lọ yá owó lásán, ohun tó ní ni báǹkì máa wò: ilẹ̀, ilé, owó oṣù onídùúró. Ti ẹni tó gbé ọ́dà wá yàtọ̀. Ọjà wà, ẹni tó fẹ́ rà á wà, iye rẹ̀ ti di mímọ̀. Ìbéèrè báǹkì níbẹ̀ ni pé ta ni yóò san owó yìí, lọ́jọ́ wo, kí ló sì lè dí i lọ́wọ́? Ọ́dà yẹn fúnra rẹ̀ ló yẹ kó ṣe onídùúró yín. Mo lo ọdún 27 ní báǹkì, 14 nínú rẹ̀ ni mo fi jókòó sí tábìlì tí wọ́n ń pè ní trade, ibi tí wọ́n ti ń rí sí owó ọjà tó ń lọ sókè òkun àti èyí tó ń bọ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ̀ka báǹkì tó wà ní Èkìtì kò ní ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn, Èkó ni fáìlì ń lọ. Ẹ sọ fún máníjà pé ọ̀rọ̀ trade lẹ bá wá, ẹ ní kó so yín mọ́ ẹni tó ń rí sí i.

Ẹ má sì rò pé tọwọ́tẹsẹ̀ ni wọ́n á fi gbà yín. Wàhálà ìwé tó wà lórí ọjà mílíọ̀nù mẹ́rin kò dín sí ti ọjà irínwó mílíọ̀nù. Èrè tí báǹkì máa rí ló yàtọ̀. Ìdí kìíní tí wọ́n fi ń sá fún oníṣòwò kékeré nìyẹn, wọn ò kàn ní sọ ọ́ síta. Ìdí kejì ni pé àwọn báǹkì ńlá òkè òkun tó yẹ kó gba ìwé lọ́wọ́ báǹkì tiwa ń fà sẹ́yìn, wọ́n ní ewu wa pọ̀. Báǹkì Ìdàgbàsókè Áfíríkà ṣírò rẹ̀ pé lọ́dún 2019, owó tí àwọn oníṣòwò Áfíríkà nílò fún kárà-kátà tí wọn ò rí gbà tó nǹkan bíi bílíọ̀nù 81 dọ́là. Mílíọ̀nù kan ààbọ̀ yín wà nínú rẹ̀.

Ẹ ó gbọ́ orúkọ Afreximbank, báǹkì kárà-kátà Áfíríkà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1993, tí olú ilé rẹ̀ wà ní Káírò. Wọn kì í ti Káírò wá bá ọlọ́ṣẹ ní Ìsẹ̀ o. Báǹkì ni wọ́n ń yá lówó, tàbí kí wọ́n bá báǹkì gbé lára ewu, kí báǹkì lè nígboyà láti fún yín. NEXIM, báǹkì ìjọba tiwa níbí, 1991 ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún àwọn tó ń kó ọjà tí kì í ṣe epo rọ̀bì lọ sókè òkun. Ó tọ́ kí ẹ mọ̀ wọ́n. Àmọ́ ọ́dà àkọ́kọ́ kọ́ ni ẹ máa gbé lọ bá wọn.

Ọlọ́ṣẹ_Ìsẹ̀

Bàbá, ẹ ṣeun gan-an. Ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní kí n sọ fún obìnrin Accra pé kó ṣí L/C. Ṣé òun náà ni ẹ ń sọ?

Báǹkà_Àtijọ́

Ó wà lára rẹ̀. Lẹ́tà kírẹ́díìtì ni pé báǹkì ẹni tó ń rajà ṣèlérí láti sanwó bí ẹni tó ń tajà bá ti kó gbogbo ìwé tí wọ́n dárúkọ wá láìsí àléébù. Òfin tí ayé ń lò fún un ni UCP 600, July 2007 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìwé ni báǹkì ń yẹ̀ wò, kì í ṣe ọjà. Wọn ò ní ṣí páálí yín wò bóyá ọṣẹ ń hó. Bẹ́ẹ̀ ni bí ọṣẹ yín bá dára ju gbogbo ọṣẹ ayé lọ, tí lẹ́tà kan tó yí ìtumọ̀ padà bá ṣì lórí ìwé, wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀ ọ́.

Fún ₦4.4 mílíọ̀nù, mi ò ní gbà yín níyànjú láti ṣe é. Owó tí báǹkì méjèèjì máa gbà àti owó tí obìnrin yẹn máa ní láti fi pamọ́ sí báǹkì tirẹ̀ yóò mú kí ó wá ọlọ́ṣẹ míì lọ. L/C dára fún kọ̀nténà.

Kòkó_Ẹmùré

Ọ̀rọ̀ lẹ́tà kan yẹn, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Èmi àti àwọn mẹ́ta la da kòkó pọ̀, kọ̀nténà kan, 400 àpò, 62.5 kílò lápò, 25,000 kílò géérégé. L/C wà, ọkàn wa balẹ̀. Ìnáwó ìyàwó ẹnì kan nínú wa ti wọnú kàlẹ́ńdà lórí owó náà.

Ìwé dé báǹkì. Lórí ínfọ́ìsì, 25,000. Lórí ìwé ẹ̀rí ìwọ̀n, 24,940, torí àpò kan ya ní wáàfù. Orúkọ wa lórí L/C jẹ́ "Enterprises", akọ̀wé wa kọ "Ent." Báǹkì ní ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún láti yẹ̀ ẹ́ wò, ọjọ́ karùn-ún ni wọ́n kọ̀ ọ́. Àtúnṣe ò ṣeé ṣe mọ́, ọkọ̀ ojú omi ti ṣí. Ó wá ku ọwọ́ ẹni tó ń rajà bóyá ó máa fojú fò ó. Owó kòkó sì ti já wálẹ̀ lọ́jà àgbáyé lọ́sẹ̀ náà, ẹ̀yin náà ẹ mọ ohun tó ṣe. Ó ní òun á gbà á bí a bá yọ owó kúrò. A yọ ọ́. Kí la fẹ́ ṣe? Kòkó wa ti wà ní Yúróòpù.

Láti ìgbà yẹn, bí a bá ti gba L/C, èmi àti ọmọ mi obìnrin máa jókòó, a óò kà á lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ka Bíbélì. Ohun tí a ò bá lè ṣe níbẹ̀, a ó ní kí wọ́n tún un kọ kí àpò kan tó kúrò ní sítọ̀.

Ọmọ_Ìlawẹ̀

Ìnáwó ìyàwó yẹn ńkọ́?

Kòkó_Ẹmùré

A ṣe é. Màlúù di ewúrẹ́.

Aránṣọ_Ìkẹ́rẹ́

Ẹ̀gbọ́n ọlọ́ṣẹ, ẹ̀rọ ńkọ́? Mo ń rán aṣọ iléèwé fún iléèwé aládàáni mẹ́rin, wọn kì í san títí táàmù á fi fẹ́ parí. Báǹkì kékeré kan gba ẹ̀rọ ìránṣọ mi márùn-ún ní ìdúró. Mi ò gbé e fún wọn o, ẹ̀rọ wà ní ṣọ́ọ̀bù, mò ń fi í ṣiṣẹ́. Wọ́n kàn kọ nọ́ńbà rẹ̀ sínú ìwé ìjọba tó wà fún un. Òfin rẹ̀ wà láti 2017, ó ní ohun tó ṣeé gbé kiri náà lè dúró fún owó: ẹ̀rọ, ọjà inú sítọ̀, kódà owó tí ẹlòmíràn jẹ yín. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ báǹkì ni kò mẹ́nu bà á. Ẹ béèrè National Collateral Registry, ẹ dárúkọ rẹ̀ gan-an.

Lọ́dún kejì, wọ́n ra ínfọ́ìsì mi. Iléèwé jẹ mí ₦900,000, wọ́n fún mi ní ₦700,000 lójú ẹsẹ̀, nígbà tí iléèwé san, wọ́n yọ tiwọn, wọ́n fún mi ní ìyókù. Ó dùn o. Àmọ́ iléèwé méjì péré ni wọ́n gbà nínú mẹ́rin, torí wọ́n lọ wo bí kálukú ṣe ń san gbèsè. Ẹni tó jẹ yín ni wọ́n máa wò ju ẹ̀yin gan-an lọ.

Ọlọ́ṣẹ_Ìsẹ̀

Tèmi, ìkòkò ńlá mẹ́ta àti ẹ̀rọ tó ń lọ èèpo kòkó ni. Ẹ̀rọ yẹn ni mo ní rìsíìtì rẹ̀. Àwọn ìkòkò, ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ ni, ta ló ń gba rìsíìtì lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ?

Báǹkà_Àtijọ́

Ẹ padà lọ gbà á. Kó kọ ọ́ sórí ìwé, kó fọwọ́ sí i, kó fi nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sí i.

Ẹ jẹ́ kí n bi yín: ọ́dà Accra yẹn, ìwé wo lẹ fi mọ̀ pé ọ́dà ni?

Ọlọ́ṣẹ_Ìsẹ̀

WhatsApp, bàbá. Ohùn ni púpọ̀ nínú rẹ̀.

Báǹkà_Àtijọ́

Mo fura. Kò sí báǹkì tó máa gbọ́ ohùn WhatsApp kó yọ owó. Ẹ fi ínfọ́ìsì àkọ́ṣe ránṣẹ́ sí i: orúkọ ilé iṣẹ́ yín bó ṣe wà ní CAC, iye ẹyọ, ìwọ̀n ẹyọ kan, iye owó, ta ló ń san owó ọkọ̀, ibo ni ẹrù ti di tirẹ̀, ọjọ́ tí yóò san. Kí ó fọwọ́ sí i, kó lu òǹtẹ̀ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kó fi í padà. Kí ó fi nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù náà ní Gánà kún un. Bó bá ń yẹ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, ẹ ti rí ìdáhùn kan nìyẹn, kò sì ná yín ní kọ́bọ̀.

Gbogbo owó ọṣẹ, kó máa gba inú àkáǹtì ilé iṣẹ́ kọjá, kódà ₦5,000 oníbàárà Adó. Ọ̀pọ̀ obìnrin tí mo fẹ́ ràn lọ́wọ́ nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́ ń tajà tó pọ̀, ṣùgbọ́n àkáǹtì ọmọ wọn ni owó ń gbà. Orí ìwé, àwọn ò tà nǹkan kan.

Ẹlẹ́ní_Ògòtùn

Ẹ kú ìjíròrò o. Mo ti kó ẹní lọ sí Gánà, ẹ̀ẹ̀mẹrin. Mo fẹ́ sọ ti ẹnubodè àti ti owó.

Ètò ECOWAS tó ń yọ owó ibodè kúrò lórí ọjà àárín ara wa, iṣẹ́ ọwọ́ ìbílẹ̀ bí ẹní wa kò nílò ìwé ẹ̀rí orísun lábẹ́ rẹ̀. Ọṣẹ tó ti di iṣẹ́ ilé iṣẹ́, wọ́n lè bi yín. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ohun tí awakọ̀ bá sọ fún yín, awakọ̀ fẹ́ kí ẹ sanwó kó lè tètè kọjá. Ọṣẹ tún ní ti NAFDAC, àwọn Gánà náà sì ní àjọ tiwọn tó ń forúkọ ọṣẹ àti ìpara sílẹ̀. Ẹ bi obìnrin yẹn bóyá òun ló máa ṣe ti ìhà ọ̀hún. Tèmi rọrùn, kò sẹ́ni tó ń fi ẹní para.

Ti owó: nígbà àkọ́kọ́, oníbàárà mi ní síìdì lọ́wọ́, náírà ni mo fẹ́. Ó ní láti wá dọ́là, dọ́là lọ yí ká Amẹ́ríkà kó tó dé Èkìtì, gbogbo ẹni tó gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá bù nínú rẹ̀. Ní January 2022 ni wọ́n ṣí PAPSS ní Accra, ètò tí báǹkì Áfíríkà fi ń sanwó fún ara wọn ní owó ìlú kálukú. Oníbàárà mi ń san síìdì ní báǹkì tirẹ̀, náírà ń wọlé fún mi. Àfi kí báǹkì òun àti báǹkì mi jọ wà lórí rẹ̀ ni. Ẹ béèrè kí ẹ tó fẹnu kò sórí báǹkì tí yóò san owó sí.

Kòkó_Ẹmùré

Ìwé NXP náà, èyí tí a fi ń sọ fún ìjọba pé ọjà ń jáde kúrò nílẹ̀ yìí, ẹ má gbàgbé. Báǹkì yín ni ẹ máa ti ṣe é kí ẹrù tó kúrò, àti ìforúkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ NEPC, àjọ ìjọba tó ń rí sí ọjà tí à ń kó lọ sókè òkun. Òfin ní kí owó ọjà tí kì í ṣe epo rọ̀bì wọlé láàárín 180 ọjọ́. 60 ọjọ́ tí ẹ fún un yẹn wà nínú rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó fà á gùn o, báǹkì ni yóò wá máa béèrè lọ́wọ́ yín.

Sharp_Sharp_Adó

Gbogbo ìwé yìí nítorí ọṣẹ? Ẹ jẹ́ kó dì í sínú báàgì Ghana-must-go kó máa lọ.

Ẹlẹ́ní_Ògòtùn

Mo ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì àkọ́kọ́. Ó kọjá. Nígbà tí mo wá fẹ́ yá owó fún ẹlẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n ní kí n mú ẹ̀rí wá pé mo ti kó ọjà jáde rí, n kò ní ìwé kan ṣoṣo. Ọjà méjì tí mo tà tán, bí ẹni pé n kò tà á.

Ìyá_Alájẹṣẹ́kù

Kí n wá sọ tèmi, torí mo rí i pé báǹkì ni gbogbo yín dojú kọ. Àwa 22 ni ẹgbẹ́ wa, a forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀, elépo, aládìín, ẹlẹ́lùbọ́, aláṣọ òkè kan. Ẹni tó bá ti dá owó fún oṣù mẹ́fà lè yá ìlọ́po méjì ohun tó ti dá. Ìdá 10 ni èlé rẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, bó bá sì di ìparí ọdún, àwa náà la ń pín èlé yẹn. Ìwé kékeré tí akọ̀wé wa ń kọ, tó ní ọjọ́, iye àti ìfọwọ́sí, òun ni báǹkì kékeré kan wò lọ́dún tó kọjá tí wọ́n fi yá ẹgbẹ́ wa ní owó tí ẹnì kankan nínú wa ò lè dá gbà. Obìnrin kan ṣàìsàn nínú wa, ọjọ́ tó yẹ kó san kò yẹ̀, a dá a fún un.

Ṣùgbọ́n mi ò ní tan ọlọ́ṣẹ. Bó bá wọ ẹgbẹ́ lónìí, oṣù mẹ́fà ni. Accra ò ní dúró. Ohun tí màá ṣe bó bá jẹ́ èmi: ta ló ń ta àdín fún un? Ọdún mélòó ni wọ́n ti jọ ń ná ọjà? Kó lọ bá a fún àwìn. Ìyá mi fi àwìn ṣòwò aṣọ láti Adó dé Ìbàdàn fún ogójì ọdún, kò wọ báǹkì rí.

Báǹkà_Àtijọ́

Ìyá, òótọ́ lẹ sọ, àwìn aládìín jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú owó ọjà, kódà àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ń lò ó. Kí wọ́n ṣáà kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà jà.

Àfikún tèmi ni pé kí ẹ gé ọ́dà náà sí méjì. Ẹ ò mọ obìnrin yìí, òun náà ò mọ̀ yín. Kí ẹ kó 2,000 lọ, kó san, kí ẹ tó kó ìyókù. Kó sì san ìdajì ṣíwájú. Bó bá fẹ́ ọṣẹ lóòótọ́, á gbà. Bí ìrìn méjì bá ti lọ dáadáa, tí ẹ ní NXP méjì àti sítétímẹ́ǹtì tí owó Accra hàn nínú rẹ̀, ẹ padà lọ bá ọmọkùnrin C of O yẹn. Ẹ máa rí i, orin rẹ̀ máa yí padà.

Ọlọ́ṣẹ_Ìsẹ̀ *(ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà)*

Ẹ̀yin ará ilé, mo dé o. Obìnrin Accra kọ́kọ́ bínú nígbà tí mo ní kó fọwọ́ sí ínfọ́ìsì, ó ní ṣé mi ò gba òun gbọ́ ni. Mo sọ fún un pé báǹkì ló fẹ́ rí i. Ọjọ́ kejì ló fi í ránṣẹ́ pẹ̀lú òǹtẹ̀. Ó gba kí a gé e sí méjì, ó sì gba ìdajì ṣíwájú fún ti àkọ́kọ́. ₦1,100,000 ti wọlé, PAPSS ni wọ́n fi san án, ọjọ́ kan náà ló dé.

Ọkọ̀ kì í gé sí méjì ṣá, nítorí náà ìnáwó 2,000 ẹyọ jẹ́ ₦1,520,000. Ó ku ₦420,000. Aládìín mi gbà láti fún mi ní àdín ₦300,000 láwìn títí dìgbà tí Accra bá san ìyókù, a kọ ọ́, àbúrò rẹ̀ ṣe ẹlẹ́rìí. ₦120,000 tó kù, ẹ má bi mí, góòlù kékeré kan lọ sinmi níbì kan.

Alágbẹ̀dẹ kọ rìsíìtì. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní òun ò kọ irú rẹ̀ rí látọjọ́ tí òun ti ń rọ irin. Mo ti fi orúkọ sílẹ̀ ní NEPC, NXP ni wọ́n ń bá mi ṣe lọ́wọ́ ní báǹkì. Ọmọkùnrin yẹn náà ló ń ṣe é o! Èkó ló ń pè lórí fóònù láti béèrè bí wọ́n ṣe ń kún un, èmi àti òun la jọ ń kọ́ ọ. Mo sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í dá owó lẹ́gbẹ́ Ìyá Alájẹṣẹ́kù láti Monday.

Páálí ló kù. Èyí tí mo ń rà kò lè gba ọ̀nà Accra, ọṣẹ á fọ́ ọ kó tó dé Èkó. Ta ló mọ ẹni tó ń ṣe páálí tó le ní Adó?

Aránṣọ_Ìkẹ́rẹ́

Mo mọ ọkùnrin kan nítòsí Ọjà Ọba, òun ló ń ṣe èyí tí mo fi ń kó aṣọ. Kì í ṣe kékeré o, 200 ló kéré jù. Ẹ mú ọṣẹ mẹ́fà dání kó lè wọ̀n ọ́n, kí ẹ sì tètè dé, torí ó máa ń ti ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án Friday.